Kí Àpò Adójútòfò Wa Má Bàa Gbẹ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ lórúkọ ìgbìmọ̀, níbi àyẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa ní Jobele

   

Ìgbìmọ̀ ní kí a bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí àpò adójútòfò wa. Gbogbo wa la mọ àpò yìí. Lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó tí à ń dá padà, a máa ń yọ owó kékeré kan sọ́tọ̀. Òun la fi ń gba ara wa sílẹ̀ bí iná bá jó ìsọ̀ ẹnì kan, bí ọkọ̀ tó kó ẹrù bá dànù lójú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, bí olè bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òun náà la fi ń san gbèsè ẹni tí ọlọ́jọ́ bá dé sí, kí ẹgbẹ́ má baà máa lé àwọn ọmọ rẹ̀ kiri nítorí ẹ̀yáwó tí ìyá wọn kò rí san tán.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jáde lónìí ni pé àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí ìpàdé gbogbogbòò máa dìbò lé lórí. Èkíní, àwọn kan ní kí a jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, bí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà ìlú míì, máa dá owó sí àpò yìí, kí ó lè tètè wú. Èkejì, àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ yá owó inú rẹ̀ fi ra ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn kan ní iye tí à ń san fún ẹni tó pàdánù ti kéré jù, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kí owó oṣooṣù dúró síbi tó wà.

Àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùn-ún gbọ́, kò sì sí èyí tó ti inú ọkàn búburú wá. Ṣùgbọ́n kí á tó nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó máa ń pa irú àpò báyìí, ká mọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀, ká sì mọ ohun tí a ó ṣe bí àìsàn bá ti wọ̀ ọ́.

IRÚ ÀPÒ WO NI ÀPÒ YÌÍ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya èésú sọ́tọ̀ kúrò lára adójútòfò. Èésú tí àwọn ìyá wa ń dá, ohun tí o bá dá ni wàá kó. Tí ó bá kàn ọ́, o kó o, ọ̀rọ̀ parí. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí la ń dá tí a sì ń gbàdúrà pé kí ó má kàn wá láéláé. Ẹni tó bá dá a fún ogún ọdún tí kò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Òun gan-an ni Ọlọ́run ṣe lóore jù láàrin wa. Ọ̀pọ̀ àpò ló ti tú ká nítorí pé àwọn èèyàn pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ní, "Ó ti pẹ́ tí a ti ń dá a, a kò rí nǹkan gbà rí, ẹ fún wa ní tiwa." Bí a bá pín in báyẹn, ọjọ́ tí iná bá jó, kò ní sí omi nínú kòkò.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe irú èyí. Ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí sílẹ̀ ní 1844, àwọn ẹgbẹ́ náà rí i pé owó púpọ̀ ni àwọn ń san fún ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn nítorí iná. Ní 1867, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò tiwọn sílẹ̀ láti máa bá ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ gbófò. Ní Kẹ́ńyà, ẹ̀ka kékeré kan nínú àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1968. Ní 1978 ni ó gba ìwé àṣẹ láti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí CIC lónìí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá náà ń ṣe é. Dípò kí wọ́n máa kó gbogbo owó fún alájẹpa, wọ́n á dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó máa bá ẹni tó dá a sílẹ̀ gbófò. Captive ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Frederic Reiss, ló fún un lórúkọ náà. Ilé-iṣẹ́ irin tó bá ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ibi ìwakùsà tirẹ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń lo ohun tí wọ́n bá wà níbẹ̀, captive sì ni wọ́n ń pe ibi ìwakùsà bẹ́ẹ̀. Reiss mú orúkọ yẹn, ó fi sọ adójútòfò. Ní 1962, ó kó iṣẹ́ náà lọ sí erékùṣù Bermuda, ibẹ̀ ló sì ti gbilẹ̀.

Kí ló kàn wá nínú ti Bermuda? Ohun kan náà ni. Nínú àpò wa, ẹni tó ń dá owó náà ni ẹni tó ni àpò, òun náà ló sì máa gba owó. Ìyẹn ni agbára rẹ̀, torí pé a mọ ara wa, a mọ ìsọ̀ ara wa, kò sí àjèjì tó ń jẹ èrè wa. Ìyẹn náà ni ewu rẹ̀. Bí nǹkan bá le, gbogbo wa ló máa le fún lẹ́ẹ̀kan náà.

OHUN TÓ MÁA Ń PA ÀPÒ

Èkíní ni kí owó tó ń wọlé kéré sí ohun tí a ṣèlérí. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọjà ṣe é. Kì í ṣe iye tiwa gan-an o, àpẹẹrẹ ni. Ká ní èèyàn 120 ló wà nínú ẹgbẹ́, tí oníkálukú ń dá ₦1,000 lóṣù. Lọ́dún, ìyẹn jẹ́ ₦1,440,000. Ká ní èèyàn mẹ́rin ló ń pàdánù lọ́dún, tí a ń san ₦200,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦800,000 ti lọ, ó ku ₦640,000. Ó dára. Wàyí o, ẹ sọ ₦200,000 di ₦400,000, kí owó oṣooṣù má yẹsẹ̀. Èèyàn mẹ́rin náà máa gba ₦1,600,000. Àpò ti jẹ gbèsè ₦160,000 lọ́dún tí ohun ńlá kankan kò ṣẹlẹ̀! Ẹni tó ń ta gaàrí ní iye tó dín sí iye tó rà á, bó ti wù kí oníbàárà pọ̀ tó, ó ń ta ara rẹ̀ ni.

A gbà pé ₦200,000 kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní iye tí ìjọba ń pè é. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Gbogbo ẹni tó ń ta ọjà òkèèrè nínú wa mọ̀ bó ṣe rí. Nítorí náà, àwọn tó ní iye tí à ń san kéré kò parọ́. Ṣùgbọ́n bí iye tí à ń gbà bá máa lọ sókè, iye tí à ń dá gbọ́dọ̀ bá a gòkè. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì.

Èkejì ni ìjàm̀bá kan ṣoṣo tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2020, iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tòsí ibí yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ní ẹbí tàbí oníbàárà níbẹ̀. Kì í ṣe ìsọ̀ ẹnì kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà náà kọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìsọ̀ tuntun kì í ṣe ẹrù tó wà nínú ti àtijọ́. Ẹ padà sí ìṣirò wa. Bí iná bá jó ìsọ̀ mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan, ₦200,000 lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà. Èrè ₦640,000 yẹn, bí a bá tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko láìfọwọ́ kàn án, kò tíì tó o. Gbogbo wa wà lábẹ́ òrùlé ọjà kan náà, tí páànù ìsọ̀ kan kan ti èkejì. Nítorí náà, ewu tiwa kò fọ́n ká bí ewu ilé-iṣẹ́ tó ní oníbàárà láti Sókótó dé Èkó.

Ẹ̀kẹta ni kí a máa bá ẹni tí a kò mọ̀ ru ẹrù. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan wà, ODECO, tó ń gbẹ́ kànga epo lórí òkun. Ó dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bermuda, Mentor lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ àti irinṣẹ́ ODECO nìkan ló ń gbófò fún, ohun tó mọ̀ ni ì bá máa ṣe. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù àwọn àjèjì, nítorí pé owó wọn ń wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ọ̀. Owó ìdá kọ́kọ́ máa ń wọlé ná; òfò ló ń dé lẹ́yìn. Nígbà tí òfò àwọn àjèjì dé, Mentor kò lè dìde mọ́. Ní 1985 ó wó. Ẹ̀yin èèyàn wa, bí olówó epo bá lè gba ẹrù àjèjì tí ó tẹ ọrùn rẹ̀, kí ni ká ti wí nípa àwa aláta àti ẹlẹ́lùbọ́?

Ẹ̀kẹrin ni kí ìyá máa yá owó ọmọ. Bí ẹgbẹ́ bá yá owó àpò ra ilẹ̀, lórí ìwé, owó náà wà níbẹ̀. A ó kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ jẹ àpò ní iye báyìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iná bá jó, kò sẹ́ni tó máa gé ilẹ̀ lékìrí fún ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná. Tí a bá sì sáré tà á, ẹni tó rà á máa mọ̀ pé ojú ń pọ́n wa. Ohun tó tún burú jù ni pé ọjọ́ tí nǹkan bá le fún àpò ni ọjọ́ tí nǹkan le fún ẹgbẹ́ náà, torí èèyàn kan náà la jẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè á jọ máa wo ara wọn lójú.

Ẹ̀karùn-ún ni ibi tí a tọ́jú owó sí. Báńkì Alájẹṣẹ́kù tí àwọn bàbá wa dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953, ta ni kò fọkàn tán an láyé ìgbà náà? Nígbà ìdàpọ̀ àwọn báńkì ní 2005 sí 2006, ó wọ inú Skye Bank. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, CBN gba ìwé àṣẹ Skye Bank, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ fún Polaris Bank. Owó àwọn tó fi pamọ́ kò ṣègbé, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn rí. Ní oṣù karùn-ún 2023, báńkì kékeré 132 ni CBN gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024, ó kan Heritage Bank. A kò tíì sọ ti MMM tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lójú ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí ọdún Kérésìmesì ń bọ̀. Owó àpò adójútòfò kì í ṣe owó tí a fi ń wá èrè ìlọ́po méjì. Owó tí a gbọ́dọ̀ bá níbi tí a gbé e sí ni.

Ẹ̀kẹfà ni gbèsè inú ilé àti ojú àánú. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dá owó fún oṣù mẹ́jọ, tí ó wá sáré san án lọ́jọ́ kejì tí olè fọ́ ìsọ̀ rẹ̀, tí a sì ní "ọmọ wa náà ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní àánú," àpò àwọn tó ń san déédéé ni a fi ń ṣàánú. Àánú dára, ṣùgbọ́n kí a mú un láti inú àpò tiwa, kí a má fi ti ẹlòmíràn ṣe é.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àpò kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe kí ó tó gbẹ, àwọn àmì rẹ̀ sì nìwọ̀nyí:

1. Ẹni tó pàdánù ní oṣù kẹta kò tíì gbowó títí di oṣù keje, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ní kó padà wá.

2. Owó tí àwọn èèyàn dá lóṣù yìí ni a fi ń san gbèsè ẹni tó pàdánù lóṣù tó kọjá.

3. Ìwé owó kò jáde lásìkò, tàbí ó jáde ṣùgbọ́n kò bá ìwé báńkì mu.

4. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ àti gbogbo ìwé wà.

5. Bí ẹnì kan bá béèrè ìbéèrè ní ìpàdé, wọ́n á ní aláròká ni.

Ọ̀ràn àìrówó san fún ẹni tó pàdánù kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kékeré nìkan. Ní oṣù kẹfà 2022, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, gba ìwé àṣẹ Niger Insurance àti Standard Alliance Insurance. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn ti pẹ́ nígboro ni, síbẹ̀ wọn kò lè dúró mọ́. Orúkọ ńlá kì í san owó òfò. Owó tó wà nílẹ̀ ló ń san án.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Ìgbìmọ̀ gbé nǹkan méje kalẹ̀ fún ìpàdé.

Èkíní, kí a máa ṣe ìṣirò lọ́dọọdún. Kí a kọ gbogbo òfò ọdún márùn-ún sẹ́yìn sílẹ̀: iye ìsọ̀ tó jó, iye ọkọ̀ tó dànù, iye ẹni tó kú pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Lórí ìyẹn ni kí a ti mọ iye tó yẹ kí a dá. Kí a má fi ojú lásán wò ó.

Èkejì, kí a má ná èrè tán. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa ní kí ẹgbẹ́ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdọọdún sínú owó ìpamọ́. Ní ti àpò adójútòfò, ìdá kan nínú mẹ́rin kò tó. Títí tí àpò yóò fi lè san ìsọ̀ mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan, kí a má pín èrè kankan níbẹ̀, kì báà ṣe nítorí ọdún tàbí nítorí aṣọ ẹbí.

Ẹ̀kẹta, kí a fi òdiwọ̀n sí ìjàm̀bá kan ṣoṣo. Ká ní ₦1,600,000 ló wà nínú àpò nígbà tí iná jó ìsọ̀ mẹ́wàá. Kí a má ná ju ìdajì rẹ̀ lọ lórí iná yẹn. ₦800,000 fún èèyàn mẹ́wàá jẹ́ ₦80,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kéré, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù ni a ó fi dúró de ẹni tí ọlọ́jọ́ máa dé sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà, ọmọ wa ni wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, kí a gbé ẹrù tó ju agbára wa lọ fún ẹni tó lágbára. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní adójútòfò tó ń bá adójútòfò gbófò. Kí àpò wa máa mójú tó òfò kéékèèké, olè, ọkọ̀ tó dànù, gbèsè olóògbé. Ṣùgbọ́n iná tó lè jó gbogbo ọjà, kí a para pọ̀ ra ìwé adójútòfò iná fún un lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ NAICOM. Kí a sì san owó rẹ̀ pé kí ó tó bẹ̀rẹ̀, torí pé òfin ni pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní adójútòfò. Láti 2013 ni NAICOM ti mú ìyẹn le. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko ọsàn ní Fiditi tàbí oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ilora, ẹ má kó ti oko wá sínú àpò ọjà. NAIC, àjọ adójútòfò àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, wà fún un. Ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1987.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pín owó sí báńkì méjì ó kéré tán, kí àkáǹtì àpò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́, kí èèyàn mẹ́ta máa buwọ́ lu ìwé kí owó tó jáde. Láti oṣù karùn-ún 2024, NDIC ní bí báńkì ńlá bá wó, ẹni tó fi owó pamọ́ máa gbà tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà, bí ó bá jẹ́ báńkì kékeré, mílíọ̀nù méjì. Kí owó wa ní ibì kan má kọjá ìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, ẹni tí kò bá dá owó fún oṣù mẹ́ta, ààbò rẹ̀ dúró ná. Bí ó bá padà san án, kí oṣù kan kọjá kí ààbò tó tún bẹ̀rẹ̀. Òfin yìí kan ìyálọ́jà, ó kan alága, ó kan akápò, ó kan akọ̀wé pẹ̀lú.

Èkeje, kí ọ̀dítọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ máa yẹ ìwé wò lọ́dọọdún, kí a sì máa ka èsì rẹ̀ sókè ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí kò kàwé náà gbọ́. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì fún oṣù kan gbáko.

BÍ ÀPÒ BÁ TI Ń MÌ

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí a bá rí i pé ohun tí àpò jẹ àwọn èèyàn ti ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, ohun tí a ó ṣe nìyí, ní ẹsẹẹsẹ.

Kí a tètè sọ. Kí ìgbìmọ̀ pe ìpàdé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì fi tó ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù létí. Ẹni tó bá bo egbò mọ́lẹ̀, òórùn ló máa tú u. Bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀, gbogbo èèyàn á sáré wá gbowó wọn kúrò nínú ẹgbẹ́, ohun tí kò bá bà jẹ́ á tún bà jẹ́.

Kí sísan owó fún ẹni tó kọ́kọ́ dé dúró. Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ akápò á gba tirẹ̀ pé, ẹni tí ilé rẹ̀ jìn, tó wà ní abúlé, á bá òfìfo. Kí a ṣe àkójọ gbogbo ohun tí a jẹ, kí a sì pín ohun tó wà nílẹ̀ lọ́gbọọgba sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì gbèsè ló wà nílẹ̀, kí oníkálukú gba ìdajì tirẹ̀, kí a kọ ìyókù sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ ṣì jẹ ẹ́. Ti gbèsè olóògbé kò pọn dandan kí a san án lọ́jọ́ kan. A lè fi oṣù méjìlá san án sí àpò ẹ̀yáwó, bí a kò bá ti yọ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Kí a lépa owó tó wà níta. Gbogbo ìdá tí èèyàn jẹ, kí a gbà á. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Kí a dá owó pàjáwìrì, bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i. Kí ó ní iye, kí ó ní ọjọ́ tó máa parí. Owó pàjáwìrì tí kò lópin kì í ṣe pàjáwìrì mọ́, owó orí ni.

Kí a má fọwọ́ kan owó ìfipamọ́. Èyí ni odi tí a kò gbọ́dọ̀ wó. Owó ìfipamọ́ jẹ́ ti ẹni tó fi í pamọ́, owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn ni. Bí a bá fi í dí ihò àpò adójútòfò, ihò méjì la ní báyẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì máa lọ.

Bí gbogbo èyí kò bá sì ràn án, kí a ní ìgboyà láti pa àpò náà dé ní ọ̀nà ẹ̀tọ́. Kí a má gba ìdá tuntun mọ́, kí a san àwọn tí a jẹ ní ìwọ̀n tí owó bá mọ, kí ọ̀dítọ̀ buwọ́ lù ú. Àpò tí a fọwọ́ ara wa pa dé lọ́sàn-án gangan, a lè tún un dá lọ́la. Èyí tí ó bá ìjà àti olófòófó lọ, àwọn ọmọ wa kò ní gbà á gbọ́ mọ́.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ DÁ LÁBÀÁ

Lórí àbá àkọ́kọ́, kí a má gba ará ìta. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Mentor, òfin kò gbà á. Àpò wa jẹ́ ìrànlọ́wọ́ láàrin ọmọ ẹgbẹ́. Bí a bá ń ta á fún gbogbo ayé, a ti di ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí kò ní ìwé àṣẹ. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ní ilé-iṣẹ́ tó bá máa ṣe adójútòfò ohun ìní gbọ́dọ̀ ní ₦15 bílíọ̀nù. Àwa kò sí nínú ìyẹn. Ẹni tó bá wù láti bá wa dá a, ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ṣí sílẹ̀. Kí ó wá forúkọ sílẹ̀, kí a mọ ilé rẹ̀, kí a mọ ìsọ̀ rẹ̀.

Lórí àbá kejì, kí a ra ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí a dá owó ilẹ̀ lọ́tọ̀. Kí owó àpò má ṣe di ilẹ̀.

Lórí àbá kẹta, a gbà pé iye tí à ń san kéré. Kí a fi ìdá oṣooṣù kún un ní ìwọ̀n tí ìṣirò bá sọ, kí iye tí à ń san tó lọ sókè. Ẹni tí àfikún náà bá wúwo fún, kí ó sọ, kí ó lè wà ní ipele kékeré, kí ó máa dá kékeré, kí ó sì máa gba kékeré.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kàwé ju wa lọ, ẹ bá àwọn ìyá yín ka ọ̀rọ̀ yìí nílé kí ìpàdé tó dé. Ẹ bá wọn ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú iye tiwọn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má dìbò nítorí ẹni tó dá àbá wá, ẹ dìbò nítorí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ yín bá ṣí tí ẹ bá eérú níbẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kí ó bá owó nínú àpò.

Ọjà á tà o. Èrè á pọ̀ ju òfò lọ. A ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.